Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìlú Chicago lórí Rédíò Ọlọ́pàá àti Àwọn Ọlọ́pàá Tó Ń Tú Àṣírí

Ẹ̀yin Ọlọ́lá Ọmọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìlú Chicago,

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú yìí ni mí, ibẹ̀ ni mo ti ń san owó orí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń dìbò. Mo kọ lẹ́tà yìí sí yín ní gbangba, ní èdè tí a ń sọ nínú ilé wa, kí àwọn ará wa tó wà ní Uptown, ní South Side àti ní àwọn ìlú kéékèèké tó yí Chicago ká lè kà á, kí olúkúlùkù sì lè gbé ọ̀rọ̀ náà tọ aṣòfin wọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ rédíò tí àwọn ọlọ́pàá fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá díẹ̀ tí wọ́n ní ìgboyà láti sọ ohun tí wọ́n rí. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni a máa ń jíròrò ọ̀rọ̀ méjèèjì ní gbọ̀ngàn yín, bíi pé ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, tí èkejì sì jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin iṣẹ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Ìlú tó ti fi hàn léraléra pé òun kò lè dáàbò bo ọlọ́pàá tó bá sọ òtítọ́ láti inú ilé kò ní ẹ̀tọ́ láti di etí àwọn tó wà níta.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ scanner kékeré kan lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ kí ó máa gbọ́ bí òṣìṣẹ́ ibùdó ìpè pàjáwìrì ṣe ń rán ọkọ̀ ọlọ́pàá kan sí òpópónà kan, àti bí ọlọ́pàá náà ṣe ń jábọ̀ ohun tó bá níbẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn tó ń ṣiṣẹ́ òru máa ń gbọ́ ọ, ohun tí wọ́n sì fi ń tètè débi ìṣẹ̀lẹ̀ nìyẹn, nígbà tí àwọn tó ṣojú wọn ṣì wà lórí ìdúró. Àwọn tó ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, tí wọ́n máa ń sáré lọ síbi tí ìbọn ti dún kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹni tí wọ́n yìn ín lù má baà lọ gbẹ̀san, máa ń gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ìyá arúgbó tó ń gbọ́ ariwo hẹlikópítà lórí òrùlé rẹ̀ lè yí bọ́tìnì kan kí ó sì mọ̀ bóyá kí òun ti ilẹ̀kùn tàbí kí òun padà sùn. Kò sí ẹni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó gbọ́.

Ní ọdún 2022, lábẹ́ ìṣàkóso Lori Lightfoot, tó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, ìlú yìí parí iṣẹ́ fífi kódù dí àwọn ìkànnì náà. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni ohùn tí wọ́n ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn ló pawọ́ pọ̀ láti bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba má ṣe é, ìjọba kò sì gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ọlọ́pàá bá yìnbọn fún ènìyàn ní agogo mẹ́wàá alẹ́, kí agogo mẹ́wàá ààbọ̀ tó lù, wọ́n ti na okùn aláwọ̀ ìyeyè yí ibẹ̀ ká, ọkọ̀ pàjáwìrì ti gbé ẹni náà lọ, àwọn tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ti lọ sílé wọn, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ sì ti bá àwọn tó yìnbọn sọ̀rọ̀. Agbẹnusọ kan ti lè bọ́ síwájú kámẹ́rà láti sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Akọ̀ròyìn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ nígbà náà kò ní rí ìṣẹ̀lẹ̀ mọ́, àlàyé nípa ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan ni yóò bá níbẹ̀. Ẹni tó sì ń fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀dájú tó ń yìnbọn kiri ti ń bọ̀ ní àdúgbò rẹ̀ kò rí ohunkóhun fi ohùn tó pẹ́ tó báyẹn ṣe.

Ẹ̀yin náà mọ ìdí tí àlàyé nìkan kò fi lè tó wa ní Chicago. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2014, ọlọ́pàá kan, Jason Van Dyke, yìnbọn lu Laquan McDonald, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún ní òpópónà Pulaski. Àlàyé tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ọmọ náà gbé ọ̀bẹ dojú kọ àwọn ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ kọ ìròyìn sílẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sì bá àlàyé náà mu. Ìlú san mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là fún ìdílé rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2015, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́. Oṣù mẹ́tàlá gbáko kọjá kí fídíò tó jáde ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá ọdún 2015, adájọ́ ló sì pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e jáde, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan, Brandon Smith, ti gbé ìlú lọ sí ilé ẹjọ́ lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn. Ohun tí a rí nínú fídíò náà ni ọmọ kan tó ń rìn kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá nígbà tí ìbọn bà á.

Ohun méjì nínú ìtàn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Èkíní ni pé fídíò tó gba ayé kan yẹn kò ní ohùn tó ṣeé gbọ́. A rí ọmọ náà, a rí i bí ó ṣe ṣubú, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni sọ. Orí rédíò ni ohùn alẹ́ ọjọ́ náà wà: níbẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ bá ọmọ náà pàdé ti béèrè pé kí ẹni tó bá ní Taser, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ènìyàn dúró, mú un wá, tí wọ́n sì ń rọra tẹ̀ lé e láìyìnbọn. Ìpè yẹn fi hàn pé àwọn kan lára àwọn ọlọ́pàá alẹ́ ọjọ́ náà ń wá ọ̀nà láti mú un láàyè kí Van Dyke tó dé. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lórí rédíò, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹ̀rí fún àwọn ọlọ́pàá rere gan-an bí ó ṣe jẹ́ ẹ̀rí lòdì sí ẹni tó yìnbọn. Ẹni tó bá rò pé rédíò tó ṣí sílẹ̀ jẹ́ ọ̀tá ọlọ́pàá, kí ó ro ti alẹ́ ọjọ́ náà.

Èkejì ni pé a kò bá tí mọ̀ pé fídíò kankan wà bí kì í bá ṣe pé ẹnìkan tó mọ inú ọ̀rọ̀ náà ta àwọn tó wà níta lólobó. Akọ̀ròyìn Jamie Kalven ni ẹni náà tọ̀ lọ, Kalven sì wá ìwé àyẹ̀wò òkú náà jáde ní ọdún 2015, ìwé tó fi hàn pé ọgbẹ́ ìbọn mẹ́rìndínlógún ló wà lára ọmọ náà. Nígbà tí ẹjọ́ Van Dyke bẹ̀rẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ fẹ́ fi ipá mú Kalven láti dárúkọ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Adájọ́ kò gbà fún wọn. Títí di òní, ẹni náà kò tíì bọ́ síta kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí mo mọ ohun tí ìlú yìí ṣe fún àwọn tó bọ́ síta.

Shannon Spalding àti Danny Echeverria bọ́ síta. Ọlọ́pàá ni àwọn méjèèjì, ẹ̀ka tó ń gbógun ti oògùn olóró ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí wọ́n ń mú ní àyíká Ida B. Wells, àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tí owó wọn kò tó ní South Side, ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún wọn léraléra, pé Sájẹ́ǹtì Ronald Watts àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn olóró, àti pé ẹni tí kò bá san owó náà, wọ́n á ki oògùn bọ̀ ọ́ lápò, wọ́n á sì mú un lọ sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn méjèèjì kò di etí wọn. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tọ FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, lọ, wọ́n sì bá FBI ṣiṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ fún ọdún bíi mélòó kan.

Nígbà tó di ọdún 2010, iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ wọn ti tú sí etí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Nínú ẹjọ́ tí wọ́n pè ní ọdún 2012, wọ́n ní àwọn ọ̀gá pè wọ́n ní eku, orúkọ tí àwọn ọlọ́pàá ń pe ẹni tó bá dalẹ̀ wọn, pé wọ́n ń gbé wọn láti ibùdó kan sí òmíràn, wọ́n sì sọ fún àwọn ọlọ́pàá yòókù pé kí wọ́n má ṣe lọ gbà wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n bá pè fún ìrànlọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ méjì tí mo ń sọ ti pàdé. Orí rédíò ni ọlọ́pàá ti ń pe ìrànlọ́wọ́. Bí ó bá wà nínú àtẹ̀gùn òkùnkùn kan tí ẹni tó gbé ìbọn sì ń bọ̀, ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó bá dáhùn ìpè náà. Kò sí ìgbẹ̀san tó le ju kí ẹ pè kí àwọn tó gbọ́ yín dákẹ́, kò sì sí ìgbẹ̀san tó rọrùn láti fi pamọ́ tó o, nítorí kò sí ìwé àṣẹ tí a kọ, kò sí ẹni tó fọwọ́ sí nǹkankan, kìkì ìdákẹ́jẹ́ lórí ìkànnì ni. Nígbà tí ìkànnì ṣí sílẹ̀, akọ̀ròyìn tàbí aládùúgbò lè gbọ́ pé ọlọ́pàá kan pè, kí ó sì ka iye ìṣẹ́jú tó kọjá kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn. Ní báyìí tí ẹ ti tì í, àwọn tó ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà ni àwọn tó ń dákẹ́ àti ọ̀gá tó ní kí wọ́n dákẹ́.

Kí ni òpin ọ̀rọ̀ Watts? FBI mú òun àti Kallatt Mohammed, ọlọ́pàá kan lára àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2012, nítorí wọ́n gba owó tí ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là lọ́wọ́ ẹni tó ń bá FBI ṣiṣẹ́. Ẹ̀wọ̀n oṣù méjìlélógún ni adájọ́ dá fún Watts ní ọdún 2013. Ọkùnrin kan wà tó kọ̀ láti fún Watts ní owó ẹ̀yìn, tí wọ́n sì ki oògùn bọ̀ lọ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá kí òun tó jáde lẹ́wọ̀n ní oṣù kìíní ọdún 2016. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kọkànlá ọdún 2017, ilé ẹjọ́ fagi lé ẹ̀bi ọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pa pọ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ìdálẹ́bi tí wọ́n ti fagi lé nítorí Watts àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti lé ní igba. Ní ọdún 2025, ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí mílíọ̀nù 90 dọ́là láti fi parí àwọn ẹjọ́ tó kù. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, nígbà tí ẹjọ́ Spalding àti Echeverria kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, ìlú gbà láti san mílíọ̀nù méjì dọ́là fún wọn.

Owó wa ni gbogbo rẹ̀. A san owó oṣù Watts, a san owó àwọn tó fìyà jẹ àwọn tó tú àṣírí rẹ̀, a san owó agbẹjọ́rò tó gbèjà ìlú lòdì sí wọn, a sì tún san owó gbà-máà-bínú fún àwọn tí Watts ba ayé wọn jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìlú ti tẹ́tí sí àwọn ọlọ́pàá méjèèjì náà, tó sì dáàbò bò wọ́n, mélòó nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ni ìbá ti tètè padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn? Ìbéèrè yìí ń dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé owó kò lè dá ọdún kan ṣoṣo padà fún wọn.

Kì í ṣe àwọn tó wọ aṣọ ọlọ́pàá nìkan ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Lorenzo Davis jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ kí ó tó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí ìlú dá sílẹ̀ láti máa ṣe ìwádìí àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2015, ó sì sọ pé nítorí òun kọ̀ láti yí àbọ̀ ìwádìí padà lórí àwọn ìyìnbọn tí òun rí pé kò tọ́ ni. Nígbà tó gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ ẹ̀tọ́ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, wọ́n lé e sẹ́yìn, nítorí ìdájọ́ tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà dá ní ọdún 2006 nínú ẹjọ́ Garcetti àti Ceballos, pé ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá sọ gẹ́gẹ́ bí ara iṣẹ́ rẹ̀ kò sí lábẹ́ ààbò yẹn. Abẹ́ òfin ìpínlẹ̀ Illinois tó dáàbò bo àwọn tó ń tú àṣírí ni ó ti wá rí ìdáláre ní ọdún 2018, nígbà tí àwọn ará ìlú tó bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 2.8 dọ́là fún un. Ẹ wo bí ọ̀nà náà ti há tó: ọlọ́pàá tó bá gba ọ̀nà iṣẹ́ láti ròyìn ìwà ìbàjẹ́, bí òfin ṣe ní kí ó ṣe, òun gan-an ni òfin ìjọba àpapọ̀ kò dáàbò bò.

Àrùn yìí kò mọ sí Chicago. Ní Brooklyn, Adrian Schoolcraft gba ohùn àwọn ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi dandan lé iye ènìyàn tí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ dá dúró tí wọ́n sì ń yí ìròyìn ọ̀daràn padà. Ní alẹ́ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 2009, àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá bá a nílé, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi í sí ẹ̀ka àwọn tí orí wọn kò pé fún ọjọ́ mẹ́fà. New York san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta dọ́là fún un ní ọdún 2015. Ní ọdún 2023, àwọn ọlọ́pàá New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi kódù dí rédíò tiwọn náà, Brooklyn ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn tó fẹ́ kí ìkànnì wà ní títì máa ń sọ, n kò sì fẹ́ fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wò ó. Wọ́n ní àwọn ọ̀daràn ń gbọ́, pé ọlọ́pàá tó ń lọ síbi tí olè wà lè kú nítorí olè náà ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Òótọ́ ni pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìkànnì fún àwọn iṣẹ́ pàtàkì, bíi ti àwọn tó ń yí ilé tí wọ́n ti gbé ènìyàn sódì ká tàbí àwọn tó ń tọpa àwọn oníṣòwò oògùn, fi lè wà ní títì láìsí ẹni tó máa bá yín jà. Ìkànnì tí wọ́n fi ń rán ọkọ̀ níṣẹ́ lójoojúmọ́ ni a ń béèrè.

Wọ́n tún ní ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí ìlú gbóná lẹ́yìn ikú George Floyd, àwọn kan wọ orí ìkànnì, wọ́n ń gbé orin sí i, wọn kò jẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá rí àyè sọ̀rọ̀. Ó ṣẹlẹ̀, ìwà burúkú sì ni, nítorí ó lè pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìdènà kí ẹlòmíràn má lè sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì yàtọ̀ sí ìdènà kí ẹlòmíràn má lè gbọ́ ọ. Rédíò ìgbàlódé lè dá ẹ̀rọ tó ní àṣẹ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní, kí ó sì lé àjèjì dànù, láìfi kódù bo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ìṣòro àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ni ẹ ní, àwa tó ń gbọ́ ni ẹ fi ìyà rẹ̀ jẹ.

Ti àṣírí àwọn ará ìlú ni ó wọ̀ mí lára jù. Kò dára kí wọ́n máa ka orúkọ ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tàbí nọ́ńbà ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ènìyàn, tàbí àìsàn tó ń ṣe é, sí etí gbogbo ayé. Ìlú Palo Alto ní California ti bá ọ̀ràn yìí wọ̀yá ìjà. Wọ́n fi kódù dí rédíò wọn ní oṣù kìíní ọdún 2021, nítorí ìkéde tí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà ṣe nípa irú ọ̀rọ̀ àṣírí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá tuntun, Andrew Binder, dé, ó ṣí i padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ohun tó ṣe kò le: ó ní kí àwọn ọlọ́pàá máa fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ wọn gba ọ̀rọ̀ àṣírí ènìyàn, kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yòókù sì wà lórí ìkànnì tó ṣí sílẹ̀. Palo Alto kéré sí Chicago púpọ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá tiwa náà.

Àwọn kan yóò ní kámẹ́rà tí ọlọ́pàá ń fi sáyà ti tó. Kámẹ́rà dára, ẹ̀jẹ̀ Laquan McDonald ni a sì fi ra ìlànà ìlú tó ní kí fídíò ìyìnbọn ọlọ́pàá jáde láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Síbẹ̀, ọgọ́ta ọjọ́ ni, ọwọ́ ìjọba náà ni fídíò sì wà kí ó tó pé. Ẹ rántí Anjanette Young, obìnrin tí àwọn ọlọ́pàá já wọ ilé rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2019, tí wọ́n ṣi ilé wọ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó dúró ní ìhòòhò níwájú wọn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan fẹ́ fi fídíò náà hàn ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìlú yìí sáré lọ sí ilé ẹjọ́ láti dá wọn dúró. Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá ni kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹ̀rí, ìgbà tó bá wù ú ni yóò ṣí i.

Àwa tí a ti Nàìjíríà wá mọ èyí dáadáa ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Ní alẹ́ ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn sójà yìnbọn sí àárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn lòdì sí SARS ní Lẹ́kkí, àwọn ènìyàn tó wà ní ilé wọn ń wò ó lórí fóònù ní àkókò náà gan-an. Ìjọba kọ́kọ́ sẹ́ ẹ. Nítorí pé a ti rí i bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, sísẹ́ náà kò dúró, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ sì kọ ohun tó yàtọ̀ sí ti ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 2021. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni a rí i, lẹ́yìn tí àwọn tó ní agbára ti gé ohun tí wọ́n fẹ́ gé, n kò mọ ohun tí à bá máa sọ lónìí. Ojú tó rí i lákòókò ló gbà wá.

Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín, mo sì ń béèrè lọ́wọ́ yín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ mi, pé kí ẹ ṣe òfin tí yóò dá ìkànnì ojoojúmọ́ padà fún gbogbo ènìyàn láti gbọ́ ní àkókò tí wọ́n ń sọ ọ́. N kò fẹ́ kí ẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn nìkan ní ìwé àṣẹ, bí àwọn kan ṣe ń dábàá, nítorí ẹni tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ lè gbà á padà lọ́wọ́ akọ̀ròyìn tó bá kọ ohun tí kò dùn mọ́ ọn, ìyá arúgbó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò sì ní rí ìwé àṣẹ gbà. Títí ìgbà tí ẹ ó fi ṣe òfin náà, ẹ fòfin de gígé ohunkóhun kúrò nínú ohùn tó ń jáde lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìjẹ́ pé wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ohùn gbogbo ìkànnì wà ní ìpamọ́ pẹ́ tó kí ẹni tó ń wá ẹ̀rí lè rí i.

Ní ti àwọn ọlọ́pàá tó ń tú àṣírí, ìpínlẹ̀ Illinois ti tún òfin rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, ó sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó kù wà lọ́wọ́ yín. Bí ọlọ́pàá kan bá ti ròyìn ìwà ìbàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni má lè yí ibi iṣẹ́ rẹ̀ padà, kí wọ́n má sì lè gba ìbọn àti báàjì lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi orúkọ àìsàn ọpọlọ lé e kúrò, àyàfi bí Ọ́fíìsì Olùyẹ̀wò Àgbà ìlú, tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá, bá kọ́kọ́ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Bí irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ bá pè fún ìrànlọ́wọ́ lórí rédíò tí ẹnikẹ́ni kò sì lọ, kí wọ́n mú ohùn ìpè náà àti àkọsílẹ̀ ibi tí ọkọ̀ tó sún mọ́ ọn jù wà lọ sí ọ́fíìsì náà ní ọjọ́ kejì, láìdúró de ẹ̀sùn. Kí ọ̀gá tí wọ́n bá sì fi ẹ̀rí hàn pé ó gbẹ̀san san lára owó gbà-máà-bínú náà láti inú àpò rẹ̀. N kò rí ìdí tí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ní Rogers Park tàbí awakọ̀ takisí ní South Shore fi máa san gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá ọdún 2015, Rahm Emanuel, tó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, dúró níwájú ìgbìmọ̀ yìí, ó sì gbà pé ìwà bíbo ara ẹni láṣìírí wà láàárín àwọn ọlọ́pàá Chicago. Ẹ̀ka ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ kọ àbọ̀ ìwádìí tiwọn lórí àwọn ọlọ́pàá wa sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ sì ti ń bójú tó àtúnṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá wa láti ọdún 2019. Láàárín àkókò àtúnṣe yìí gan-an ni wọ́n ti ìkànnì pa.

Mo fẹ́ kí ẹ pe ìpàdé gbangba lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó dìbò lórí owó àwọn ọlọ́pàá nínú ètò ìṣúná tó ń bọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ní ibì kan ní South Side àti ibì kan ní West Side, kí ẹ sì ṣètò ọ̀nà tí ọlọ́pàá tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ fi lè jẹ́rìí níbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni rí ojú rẹ̀. Bákan náà, mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin àádọ́ta kọ èrò wọn sílẹ̀, ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, lórí ṣíṣí ìkànnì náà padà. A ó tẹ ìdáhùn yín jáde ní Yorùbá, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ aṣòfin rẹ̀, a ó sì pín in ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mọ́sáláṣí àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kí ọjọ́ ìbò tó dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọmọ Yorùbá kan, olùgbé ìlú Chicago